Jíìpù Kì í Ṣe Ọkọ̀ Ojú Omi: Ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́kọ̀ Nígbà Òjò àti Ìjì ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ìwà òjò ni kí ó rọ̀, ìwà àgbàrá sì ni kí ó wá ibi tí yóò gbà kọjá. Ohun tí ó kù sí ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ọgbọ́n tí yóò fi dáàbò bo ilé rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ àti ẹ̀mí ọmọnìkejì rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé lórí ọ̀kan nínú irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ tí a kì í sábà ronú sí, èyí ni bí ẹni tí ó ní ọkọ̀ tí ó lè rin ọ̀nà tí kò dára ṣe lè yọ̀ǹda ara rẹ̀ àti ọkọ̀ rẹ̀ fún ìlú nígbà tí òjò ńlá tàbí ìjì líle bá dé.

Kí ọ̀rọ̀ má baà rú wa lójú, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ irú ọkọ̀ tí a ní lọ́kàn. Jíìpù ni gbogbo wa ń pè é, yálà Lándírófà ni, tàbí Land Cruiser, tàbí pikọ́ọ̀pù bíi Hilux. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí a ń pè ní jíìpù ní ìgboro ni ó yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, gíga lásán ni wọ́n ga. Táyà méjì péré ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Ọkọ̀ tí à ń sọ ni èyí tí ẹ́ńjìnnì lè yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, tí abẹ́ rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, tí ó sì ní jíà kékeré tí ó máa ń fi agbára wọ́ bí ìjàpá níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti rì.

Òjò àti Ìjì ní Agbègbè Wa

Omi ni ó bí ìlú Òṣogbo. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Láròóyè àti Tìmẹ́hìn pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nítorí pé omi wọ́n wọn, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí etí odò nínú ibi tí a mọ̀ sí Igbó Ọ̀ṣun lónìí. Ìtàn kan náà sọ pé nígbà tí ó yá, wọ́n kúrò ní etí odò, wọ́n gun òkè lọ sí ibi tí ìlú wà nísinsìnyí. Ẹni tí ó wá omi wá tún ní láti sún sẹ́yìn fún omi. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún àwa tí à ń kọ́lé sí ojú àgbàrá lóde òní. Igbó náà, tí ó tó nǹkan bí héktà 75, tí àjọ UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005, ń ṣe ìlú ní àǹfààní kan tí a kì í sábà kà mọ́ ọn: ó fún odò ní àyè láti kún kí ó sì fà láìwọ iyàrá ẹnikẹ́ni.

Odò Ọ̀ṣun kò bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Ìgèdè-Èkìtì ni orísun rẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ odò kéékèèké sì ń tú sínú rẹ̀, kí ó tó ṣàn lọ sí ọ̀sà níhà Lẹ́kí. Nítorí èyí, òjò lè má kán sílẹ̀ ní Òṣogbo rárá kí odò sì máa kún, nítorí òjò tí ó rọ̀ lókè ní àná ni ó ń bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí dájú. Ojú ọ̀run tí ó mọ́ kò sọ pé omi ti lọ.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní tirẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ òkè. Ẹni tí ó bá ti dé ibi omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà mọ bí omi ṣe ń já wálẹ̀ níbẹ̀. Àwọn odò kéékèèké ibẹ̀ kì í pẹ́ kún, wọn kì í sì í pẹ́ fà, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n bá fi kún, wọ́n lè gbé afárá pákó lọ tàbí kí wọ́n jẹ abẹ́ ọ̀dà. Ọ̀nà tí ó lọ sí àwọn abúlé oko kòkó jẹ́ ilẹ̀ pupa. Bí òjò bá ti pa á fún ọjọ́ mẹ́ta, yíyọ̀ rẹ̀ dà bí ti ilá. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn tí ń wa góòlù ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà tún ti dá kún un: erùpẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀ sínú odò ni ó pọ́n omi Ọ̀ṣun lójú, erùpẹ̀ náà a sì máa tẹ́ sí ìsàlẹ̀ odò. Bí ìsàlẹ̀ odò bá sì ti ń ga sókè, àyè tí ó kù fún omi ń dín kù.

Ìgbà méjì ni ewu máa ń pọ̀ jù lọ. Láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìjì ni ọ̀tá wa. Láti ìlà-oòrùn ni ó sábà máa ń jà wá, yóò ṣí òrùlé, yóò wó igi dí ọ̀nà, yóò sì já wáyà iná sílẹ̀. Ìgbà kejì ni ìgbà tí òjò bá ti rinlẹ̀, ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, àti lẹ́yìn ìsinmi òjò ti oṣù kẹjọ, ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Ilẹ̀ ti mu omi yó nígbà náà. Gbogbo òjò tí ó bá rọ̀, ojú ilẹ̀ ni yóò gbà.

Ohun tí Ojú ti Rí

Kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ omíyalé ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò ní dárúkọ Ògùnpa. Odò yìí ti kún ya ìgboro Ìbàdàn ní ọdún 1960, 1963 àti 1978, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni ẹnikẹ́ni kò lè gbàgbé. Àwọn tí ó bá a lọ ju 200 lọ, àwọn tí ilé wọn wó kò sì níye. Ìpínlẹ̀ kan náà ni Òṣogbo, Iléṣà àti Ìbàdàn wà nígbà náà, nítorí náà ìtàn ara wa ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tún rọ̀ ní Ìbàdàn, òjò ọjọ́ kan péré, tí wọ́n wọ̀n ní mìlímítà 187.5. Ẹni tí ó kú ju 100 lọ. Omi gbé afárá lọ ní ibi púpọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àdúgbò kan kò lè dé àdúgbò kejì. Yunifásítì Ìbàdàn pàápàá fara gbá a: omi wọ ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja àti ọgbà ẹranko wọn. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, omíyalé ọdún 2012 pa ènìyàn 363, ó sì lé ju mílíọ̀nù 2 lọ kúrò nílé; ti ọdún 2022 pa ju 600 lọ.

Ìjọba kò jókòó lásán. Ní ọdún 1976 ni wọ́n dá àjọ ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì àkọ́kọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn ọ̀dá tí ó mú ìhà Àríwá. Ní ọdún 1999 ni NEMA sì gba ipò rẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ náà sì ní tiwọn. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti wà lábẹ́ òfin ilẹ̀ wa láti ọdún 1960. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ ibẹ̀: ní wákàtí àkọ́kọ́ tí igi wó lé ilé, tàbí tí aboyún ń rọbí ní abúlé tí afárá rẹ̀ ti lọ, aládùúgbò ni ó wà nítòsí. Eji kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Ẹni tí ó sì wà nítòsí ni yóò kọ́kọ́ na ọwọ́.

Ọ̀wẹ̀ Kì í Ṣe Ohun Tuntun

Àwọn kan lè rò pé àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn yọ̀ǹda ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìgba owó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn baba wa ní àárò, èyí tí àgbẹ̀ mélòó kan fi ń ro oko ara wọn ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé, kí iṣẹ́ tí ẹnìkan ṣe fún ẹnìkejì lè padà wá bá a. Wọ́n sì ní ọ̀wẹ̀, èyí tí ènìyàn fi ń bẹ ará àdúgbò, ẹbí àti àna fún iṣẹ́ ńlá bí ilé kíkọ́ tàbí òrùlé bíbò. Oúnjẹ àti ẹmu ni ó ń pèsè, kì í ṣe owó ọ̀yà. Ìrànlọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tí à ń sọ yìí, ọ̀wẹ̀ ni. Ọkọ́ àti àdá ni ó di táyà àti okùn.

Ní àyíká wa níhìn-ín náà, a ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní ọdún 1977, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà, nítorí ikú tí ń pa ènìyàn lójú títì. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní ọdún 1988, wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn olùyọ̀ǹda tí à ń pè ní Special Marshals. Olúkálukú wọn ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó fi ń jẹun. Ọkọ̀ ara wọn ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́ náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onílé-jíìpù ní ẹgbẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 4x4 Response. Nígbà tí yìnyín dí ọ̀nà ní ìparí oṣù kejì àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2018, àwọn olùyọ̀ǹda bí wọn ni ó ń gbé nọ́ọ̀sì àti dókítà lọ sí ẹnu iṣẹ́. Ohun méjì ni ó yẹ kí a kọ́ lára wọn. Èkíní, wọn kì í dédé gbéra. Ilé-ìwòsàn, ọlọ́pàá tàbí ìjọba ìbílẹ̀ ni ó máa ń pè wọ́n. Èkejì, iṣẹ́ wọn kò lókìkí: ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjì Katrina fi omi bo ìlú New Orleans ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn olùyọ̀ǹda fi gbé ènìyàn jáde. Iṣẹ́ orí ilẹ̀ ni ti jíìpù, iṣẹ́ inú omi ni ti ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ ni à ń wá òkú rẹ̀.

Ohun tí Jíìpù Lè Ṣe àti Èyí tí Kò Lè Ṣe

Nínú ẹrẹ̀, táyà méjì tí ẹ́ńjìnnì ń yí lè máa yí lórí kan náà kí méjì yòókù dúró bí òkúta. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń yí, èyí tí ó bá rí ilẹ̀ gidi yóò fa àwọn yòókù. Jíà kékeré yóò jẹ́ kí táyà yí díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú agbára. Bí a bá tẹ iná mọ́ ọn, kòtò ni táyà yóò gbẹ́ fún ara rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá rì, a lè tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, pákó tàbí òkúta sí iwájú táyà. A tún lè dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù kí ó lè tẹ́ sí ilẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ dá afẹ́fẹ́ náà padà kí a tó sáré lójú títì.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ onílé-jíìpù kò fẹ́ gbọ́: bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń fa ọkọ̀ lọ kò ní kí bíréèkì tètè mú un. Ojú ọ̀nà tí ó ń yọ̀ ń yọ̀ fún olówó àti tálákà. Jíìpù tí ó wúwo tún ṣòro láti dá dúró ju ọkọ̀ kékeré lọ níbi tí òkè bá dà sísàlẹ̀, irú rẹ̀ sì pọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó wá le jù. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Omi tí ó bá kún àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan wúwo tó 1,000 kìlógíráàmù. Ká sọ pé jíìpù kan gùn ní mítà 4, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.6. Bí omi bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 péré ga ju ilẹ̀ inú ọkọ̀ náà lọ, tí kò sì tíì ráyè wọ inú rẹ̀, omi yóò máa ti ọkọ̀ náà sókè pẹ̀lú agbára tí ó tó ìwúwo 640 kìlógíráàmù. Bí ó bá di sẹ̀ǹtímítà 30, ó ti di 1,920. Bí jíìpù náà bá wúwo tó 2,000 kìlógíráàmù, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di igbá lójú omi.

Ṣùgbọ́n omi tí ń ṣàn kì í dúró dìgbà yẹn. Bí omi ṣe ń gbé ọkọ̀ fúyẹ́ ni táyà ń pàdánù ilẹ̀, tí ìṣàn omi sì ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí omi bá fi ìlọ́po méjì yára sí i, agbára ìtì rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi sọ pé omi tí ń ṣàn, tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, èyí tí ó bá sì jìn tó 60 lè gbé ọ̀pọ̀ jíìpù àti pikọ́ọ̀pù lọ. Sẹ̀ǹtímítà 15 péré tó láti gbá àgbàlagbà lẹ́sẹ̀ nù. Ní Amẹ́ríkà, ó ju ìdajì àwọn tí omíyalé ń pa tí ó jẹ́ pé inú ọkọ̀ tí wọ́n wà wọ omi ni wọ́n kú sí.

Àwọn kan yóò sọ pé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ àwọn ní ó lè wọ omi tó sẹ̀ǹtímítà 70. Òótọ́ ni, a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún Hilux àti Land Cruiser. Land Rover Defender àtijọ́ ní tirẹ̀, 50 ni. Ṣùgbọ́n omi tí ó dúró, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, tí a sì ń fi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ gba inú rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Bí omi bá ráyè gba ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí wọlé, ẹ́ńjìnnì yóò fẹ́ fún un mọ́ra bí ó ṣe ń fún afẹ́fẹ́. Omi kì í fún mọ́ra. Irin inú ẹ́ńjìnnì ni yóò wọ́, ọkọ̀ yóò sì kú sí àárín omi pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀.

Ewu kẹta ni èyí tí ojú kò rí. Níbi afárá kékeré tí ó ní páìpù lábẹ́, omi lè ti kó gbogbo erùpẹ̀ abẹ́ ọ̀dà lọ kí ọ̀dà sì wà lókè bí ẹní tí a tẹ́ bo ẹnu kànga. Ẹni tí ó ń ti inú omi pípọ́n wo ìsàlẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀. Òfin wa kò sì gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ: omi tí ń ṣàn kọjá lórí ọ̀nà, a kì í wọ̀ ọ́. Ká yípo ni, tàbí ká dúró dè é.

Iṣẹ́ tí ó Yẹ Jíìpù

Ẹnìkan lè béèrè pé: bí a kò bá ní í wọ omi, kí ni ìwúlò jíìpù? Ìwúlò rẹ̀ pọ̀. Àkọ́kọ́ ni gbígbé àwọn oníṣẹ́ ìlera àti aláìsàn. Láti abúlé oko sí Ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tàbí sí Ilé-ìwòsàn Ìjọba ní Àsùbíàrò, Òṣogbo, ẹrẹ̀ ni ó sábà máa ń dí ọ̀nà, kì í ṣe omi. Ní nǹkan bí ọdún 1957, Dókítà David Morley láti Wesley Guild bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìlera àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé, iṣẹ́ tí gbogbo ayé padà wá kọ́ ọgbọ́n lára rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ náà fi hàn ni pé bí ìtọ́jú bá súnmọ́ abúlé, ọmọ kì í kú ikú àìtọ́jọ́. Lọ́jọ́ tí òjò bá gé abúlé kúrò lára ìlú, jíìpù kan tí ó gbé agbẹ̀bí ìjọba dé ibẹ̀ ti mú ìtọ́jú súnmọ́ ilé fún ọjọ́ náà.

Ìkejì ni oògùn, omi mímu àti oúnjẹ. Lẹ́yìn omíyalé, kànga àti ṣáláńgá máa ń da omi pọ̀; àìsàn onígbáméjì a sì tẹ̀lé e. Ìkẹta ni kíkó àwọn arúgbó àti ọmọdé kúrò ní etí odò kí omi tó dé. Iṣẹ́ tí a ṣe kí omi tó kún, ìlọ́po mẹ́wàá ni sí èyí tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ìkẹrin ni wíwọ́ igi tí ìjì wó kúrò lójú ọ̀nà. Ìkarùn-ún, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í yìn, ni dídúró sí ẹnu afárá tí ó ti bàjẹ́, kí a tan iná ọkọ̀, kí a sì máa dá àwọn tí ń bọ̀ padà. Ó lè jẹ́ ẹni tí ó dúró sí ẹnu afárá láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀ ni ó gba ẹ̀mí là jù lọ ní òru náà, kò sì ní mọ iye wọn.

Ìlànà tí kò Ṣeé Fojú Fò

1. Má dá lọ. Ọkọ̀ méjì ni kí ó jọ rìn, kí ẹnìkan tí ó jókòó sílé sì kọ orúkọ àwọn tí ó lọ, ibi tí wọ́n lọ àti aago tí ó yẹ kí wọ́n dé.

2. Má dédé lọ. Kí a kọ́kọ́ pe àwọn tí iṣẹ́ náà wà ní ìkáwọ́ wọn. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì fún gbogbo orílẹ̀-èdè. 122 ni ti FRSC.

3. Wáyà iná tí ó já, ká gbà pé iná wà lára rẹ̀. Kí a jìnnà sí i tó mítà 10, kí a má sì wọ omi tí ó wà nínú rẹ̀ títí àwọn oníná yóò fi dé.

4. Igi tí ó wó lé igi kò tíì sinmi. Ẹ̀ka tí ó tẹ̀ lè nà padà kí ó sì fọ́ ènìyàn lórí. Kí a fi ẹ́ńjìnnì ìgégi sílẹ̀ fún àwọn agégẹdú tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ti ọlọ́kọ̀ ni kí ó wọ́ èyí tí wọ́n bá ti gé.

5. Okùn tí a fi ń fa ọkọ̀ lè pa ènìyàn bí ó bá já. Ibi irin tí a ṣe fún fífà ni kí a so ó mọ́, kí ó má ṣe jẹ́ bọ́ńpà. Kí gbogbo èrò sì jìnnà ju gígùn okùn náà lọ.

6. Bí ọkọ̀ bá jáde nínú omi tí ó dúró, kí a máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ kí ó lè gbẹ. Lẹ́yìn náà kí a yẹ ọ́ìlì wò. Bí ó bá ti funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ̀ ọ́, ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ rìn mọ́ títí mẹkáníìkì yóò fi pààrọ̀ rẹ̀.

7. Inṣọ́ránsì tí òfin fi dandan mú gbogbo ọlọ́kọ̀, ti ẹlòmíràn ni ó ń san; kì í tún ọkọ̀ onílé ṣe. Kí olùyọ̀ǹda mọ èyí kí ó tó jáde, kí àwọn tí ó pè é náà sì mọ̀ ọ́n. Ó kéré tán, kí ìlú ra epo sí ọkọ̀ rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ kì í jẹ́ kí ebi pa ẹni tí ó bẹ̀.

Ipa Tiwa Nínú Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ kò ní kẹ̀kẹ́, áḿbọ̀sìbọ́sí jíìpù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ń fẹ́ ju awakọ̀ kan lọ. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò sọ̀kalẹ̀ wo ọ̀nà, ẹni tí ó mọ ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ń kọ́ni, àti ẹni tí yóò jókòó ti tẹlifóònù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń fẹ́ ẹni tí ó mọ ìlú, tí ó mọ abúlé tí ó wà lẹ́yìn odò, tí ó mọ ilé tí arúgbó kan ń dá gbé.

Iṣẹ́ kan sì tún wà tí ó jẹ́ tiwa gan-an, àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá. Lọ́dọọdún ni àjọ NiMet ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò, tí àjọ NIHSA sì ń sọ ti ìkún odò. Ìkìlọ̀ tí kò bá dé etí ìyá alágbo ní ọjà lédè tí ó ń sọ kò tíì di ìkìlọ̀. Kí a sọ fún àgbẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ìkún omi wà ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kò tíì kan án. Kí a sọ fún un pé, “Baba, bí omi bá ti bo òkúta tí àwọn obìnrin ń fọṣọ lórí rẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ gun òkè,” ó ti yé e. Ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà tí à ń kọ ìwé ìwádìí lé lórí lè gba ẹ̀mí là bí a bá lò ó báyìí lórí rédíò.

A ní láti bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn olùkọ́, òṣìṣẹ́ àti ará ìlú tí ó ní ọkọ̀ tí ó yẹ, tí ọkàn wọn sì fẹ́. Kí a bá FRSC àti Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa sọ ọ́. Kí a sì rin ọ̀nà àwọn abúlé náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a lè mọ ibi tí afárá wà àti ibi tí a lè gbà yípo. Ọ̀nà tí a kò mọ̀ ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, a kò lè mọ̀ ọ́n ní òru òjò.

Bí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, àgbájọ ọgbọ́n ni a fi ń kojú omi. Ẹni tí ó ní jíìpù ní agbára. Ẹni tí ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ ni ó ní ọgbọ́n. Ìlú nílò méjèèjì lára ẹnìkan náà. Kí Olódùmarè jẹ́ kí òjò ọdún yìí rọ̀ wá ní ìrọ̀rùn, kí ẹni tí ó bá jáde lọ ran ẹnìkejì lọ́wọ́ sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wálé.